Aṣọ Méjì, Abọ́ Kan

Ilé Ògúnsanwó,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìyànà Ọ̀fà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ.

Màmá àgbà mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti orí ẹní tí ẹ fi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹní yín náà ni mo jókòó lé tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Ṣé dáadáa ni Àkúrẹ́ ń ṣe yín? Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn ti gbà kí ẹ máa rìn láìdi ògiri mú? Ẹ bá mi kí Àǹtí Gbọ́njúbọ́lá, ọmọ yín, pé wọ́n kú ewu ọmọ, ẹ sì bá mi gbé ìkókó jó. Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á o, ẹ má fo ìlà kankan, nítorí mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá dé ibi tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ kà á tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, kí Màmá má baà máa bi yín pé “Kí ló sọ? Kí ló sọ?”

Mo mọ̀ pé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ sí fóònù. Ẹ ní ohùn ènìyàn nínú rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó já sí kànga, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n lè kà á fún yín lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bó bá ti wù yín. Kí àyà yín má baà máa já, ẹ jẹ́ kí n ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: mo parí sáà ẹ̀kọ́ yìí láyọ̀, mo ti wà nílé fún ọlidé, Kẹ́hìndé sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, Màmá! Ẹ dìde kí ẹ jó díẹ̀, bí orúnkún bá gbà. Mo dúró dè yín.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí ẹ ń lọ. Àwa méjèèjì la jọ ṣe ìdánwò JAMB, tèmi bọ́ sí i, tirẹ̀ kò bọ́ sí i. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé wọ́n ti gbà mí sí yunifásítì ló ti pa ẹnu dé. Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí abà lóko Bàbá wa. Bí mo bá ti iwájú wọlé, òun á ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé òun ló rán mi ṣáájú wá tọ́ ayé wò, àfi bí n kò tún ṣe rí ẹni tí mo lè bá jà mọ́. Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ ti wà lórí ọ̀kadà, tí báàgì yín wà níwájú ọlọ́kadà, ẹ pe àwa méjèèjì, ẹ ní: “Mi ò fẹ́ padà wá bá abọ́ méjì nínú ilé yìí o. Àwọn tó jọ sùn nínú ikùn kan ṣoṣo kì í jẹun lọ́tọ̀.” Kẹ́hìndé ń wo ilẹ̀. Abọ́ tánńganran yín, èyí tí etí rẹ̀ ti bó, tí àwa méjèèjì fi ń jẹun láti kékeré, orí ìṣó lára ògiri ló wà ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, Màmá, ojú mi rí nǹkan. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá tí kò tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Omi ẹ̀rọ a máa lọ bí ẹni lọ sọ́jà, kì í sì í sọ ìgbà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Sharon, ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì mi, ọmọ Ìjàyè ni. Inú rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ óò gbọ́ ohun tí ọwọ́ náà ṣe láìpẹ́. Ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé tí mo ń kọ́ dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá wa ń sọ fún àwọn díákónì ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní kì í ṣe irọ́, pé ṣebí àwọn eléré náà ń sọ èdè.

Ẹ rántí ìwé tí mo kọ sí yín kí oṣù Kẹfà tó wọlé, pé ìdánwò wa tó ga jù kì í ṣe ti orí tábìlì. Orí ìtàgé ni, níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ wa á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa fún wa ní máàkì. Eré àwòdì tó ń gbé ọmọ adìẹ ni ó kan ẹgbẹ́ tiwa, èmi sì ni àwòdì. Aṣọ eré fúnra rẹ̀ ní máàkì tirẹ̀, ó sì pọ̀. Ẹni tí kò bá ní aṣọ eré kò ní gun orí ìtàgé rárá, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún un ṣe.

Ìyá wa ní kò sí wàhálà, ṣebí ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílé. Àfi bí Àǹtí ṣe pè wọ́n lórí fóònù pé Màmá ní méjì ni o. Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló sọ fún mi bí Ìyá wa ṣe pariwo: “Méjì kẹ̀? Kí ni Kẹ́hìndé fẹ́ fi aṣọ àwòdì ṣe? Ṣé adìẹ ló fẹ́ máa gbé káàkiri Ìyànà Ọ̀fà ni?” Ẹ ní kí Àǹtí sọ fún wọn pé ẹ̀jìrẹ́ kì í dá aṣọ wọ̀, ìbáà jẹ́ ti ọdún, ìbáà jẹ́ ti àwòdì. Wọ́n kùn títí, wọ́n sì rán méjì. Wọ́n gé àjákù aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́, wọ́n tò ó léra wọn láti ọrùn dé orúnkún, wọ́n fi wáyà agboòrùn ṣe apá rẹ̀, wọ́n sì fi èéfọ́ igbá ṣe ẹnu. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó kó àwọn òròmọdìẹ yín wọlé.

Wọ́n gbé tèmi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n fi ti Kẹ́hìndé lé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ṣófo. Ó wálé wá gbé gààrí, ó bá a níbẹ̀. Kò sọ pé òun fẹ́, kò sọ pé òun ò fẹ́. Nígbà tó lọ tán, Ìyá wa wá aṣọ náà tì. Àṣé oko ló gbé e lọ. Ó kan igi méjì pọ̀ bí àgbélébùú, ó wọ aṣọ náà fún un, ó rì í mọ́ àárín àgbàdo tó ti gbọ́mọ pọ̀n, kó máa bá a lé ẹ̀gà. Nígbà tí mo gbọ́, ó dùn mí gan-an. Mo ní aṣọ tí Màmá ní kí àwa méjèèjì jọ ní, igi ló lọ wọ̀ ọ́ fún! Ìyá wa ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, pé ó sàn kó wà lára igi ju kó wà nínú àpótí lọ. Àwọn ẹ̀gà náà sì sá o. Bàbá Roheem, tí oko wọn bá tiwa pààlà, yà wá bi Kẹ́hìndé pé níbo ló ti rí irú àwòdì báyìí rà.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Sharon. Ó ku ọ̀la kí á ṣe eré, ó ní kí àwòdì mi má rúnjọ lójú àwọn olùkọ́, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Kò tíì lọ̀ ọ́ dé ìdajì tí iná fi lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: bí iná bá ti lọ, a ó ní “Wọ́n tún ti mú un lọ o,” a ó sì dìde nídìí ohun tí à ń ṣe. Ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, kò pa á, a jọ gba kíláàsì lọ. Iná wá dé nígbà tí a ò sí nílé. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ará yàrá kejì tí wọ́n gbóòórùn, tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé, ilé ni ì bá jó. Kò sí ẹni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àyà àwòdì ti lu ihò tó tó ẹnu agbọ̀n, apá ọ̀tún kò sí mọ́, wáyà nìkan ló kù. Sharon jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ju èmi tí mo ni aṣọ lọ, èmi náà ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Mo pe Ìyá wa. Wọ́n ní irú aṣọ yẹn ò ṣeé rán láàárín ìrọ̀lẹ́ sí àárọ̀, pé èyí tó kù ń bẹ lóko, lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀. Mo pe Kẹ́hìndé. Ó dún, ó dún, kò gbé e. Mo tún pè. Màmá, ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe nítorí máàkì nìkan. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé bí Kẹ́hìndé bá gbọ́ pé mo wà nínú irú wàhálà báyìí tí kò sì dìde, a jẹ́ pé mo ti pàdánù rẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ìyá wa fẹsẹ̀ rìn dé abà lọ sọ fún un. Wọ́n ní ó gbọ́ ọ, ó sì ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ. Wọ́n ní, “Kẹ́hìndé, Táíwò mà ni o.” Ó ní, “Mo gbọ́, mà.”

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ eré, àwọn ọmọdé ti kún gbọ̀ngàn. Ìyá adìẹ ti wọṣọ, àwọn òròmọdìẹ ti wọṣọ, èmi àwòdì wà nínú síkẹ́ẹ̀tì. Dókítà Akíntáyọ̀, olùkọ́ wa, wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní àwọn á fi ẹgbẹ́ wa ṣe ìkẹyìn, ṣùgbọ́n bó bá kàn wá tí kò sí aṣọ àwòdì, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Wọn ò fi ìkanra sọ ọ́, òfin ni. Mo jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gba àdúrà tí kò lórí tí kò nídìí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń hó yèè láti ọ̀nà géètì.

Màmá, Kẹ́hìndé ló ń bọ̀ lórí alùpùpù Bàbá wa, ó gbé aṣọ àwòdì wọ̀ láti orí dé orúnkún! Ó ní bí òun bá dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, wáyà apá rẹ̀ á ká, ló bá kúkú gbé e wọ̀. Láti Ìyànà Ọ̀fà títí dé Mónàtán, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè, obìnrin kan tó ń ta adìẹ lẹ́bàá títì sì sáré da ìró rẹ̀ bo àgò adìẹ. Ní géètì wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kò sí ẹyẹ tó ń wọlé láìní káàdì. Ó ṣí ẹnu igbá yẹn sókè, wọ́n rí ojú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ojú yìí kọ́ ló ń kọjá níbí láràárọ̀? Àbí ìbejì ni yín?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó máa lọ, pé ta ni yóò dá ẹ̀jìrẹ́ dúró.

Ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú mi, ó bọ́ aṣọ náà, ó nà án sí mi. Òun ló kọ́kọ́ la ẹnu. Lẹ́yìn gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ohun tó sọ ni pé: “Ẹ̀gà á jẹ àgbàdo wa lónìí o, ìwọ lo fà á. Wọ̀ ọ́ kíá.” Mo bú sẹ́kún, mo tún bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má fi ikun imú ba aṣọ òun jẹ́.

Aṣọ náà ti rí oòrùn, ó ti rí òjò. Erùpẹ̀ ti wọ gbogbo ìyẹ́ rẹ̀, òórùn oko ń jáde lára rẹ̀, ẹyẹ kan tó láyà sì ti yàgbẹ́ sí i léjìká. Nígbà tí mo na apá wọnú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọdé figbe ta. Ọ̀kan wọ abẹ́ àga lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi lé mi kiri, “Gbé e sílẹ̀! Gbé ọmọ adìẹ sílẹ̀!” N kò ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí a parí, Dókítà Akíntáyọ̀ di aṣọ náà mú, wọ́n ń fọwọ́ pa á wò. Wọ́n ní èyí tí àwọn yòókù wọ̀, aṣọ ni, ṣùgbọ́n èyí dà bí ara ẹyẹ gan-an, pé ta ló bá mi ṣe é tó fi gbó báyìí? Kẹ́hìndé dáhùn láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, “Òjò ni, sà.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn eré, mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un, a lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo rò pé a ó kàn máa rẹ́rìn-ín ni, àfi bó ṣe gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ bí òun ṣe gbọ́ pé mo ti wọ yunifásítì? Mo ní rárá. Ó ní ọlọ́kadà kan ló pe òun ní ìyànà, tó ní, “Ìbejì, ẹ kú oríire o! Wọ́n ní ẹ ti wọlé ìwé.” Òun ò mọ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Nígbà tí òun fi máa délé, òun bá èmi, Ìyá wa àti Bàbá wa nínú yàrá, à ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Bí òun ṣe yọjú, gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Òótọ́ ni, Màmá. Ìyá wa ló ní kí a má yọ̀ sókè, kó má baà dun Kẹ́hìndé. Gbogbo wa rò pé àánú rẹ̀ là ń ṣe.

Ó ní: “Táíwò, ṣé torí JAMB lo rò pé mo ṣe ń bínú? JAMB á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rán aṣọ méjì fún wa. Bàtà, méjì. Aṣọ àwòdì pàápàá, méjì. Ayọ̀ yẹn nìkan ni ẹ ò ṣe ní méjì. Ẹ gbé e pamọ́ fún mi bí ẹni pé àjẹ́ ni mí.” Ó sì sunkún, Kẹ́hìndé tí ejò bù jẹ lóko tí kò sunkún. Èmi náà sunkún. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, má bínú.” Ó ní ó ti tán. A jẹ búrẹ́dì náà tán, ó gbé aṣọ àwòdì rẹ̀ wọ̀ padà, ó ní òun ń lọ gba àgbàdo òun sílẹ̀.

Nígbà tí ọlidé dé tí mo wálé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Ìyá wa. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, “Èmi ni mo ní kí ẹ dákẹ́. Mo rò pé mo ń dáàbò bò ó ni.” Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n se ẹ̀wà ìkòkò ńlá, ẹ̀wà ìbejì gidi, epo ń dán lórí rẹ̀, wọ́n pe gbogbo ọmọ àdúgbò. Bàbá wa dìde níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n ní inú àwọn dùn pé ìbejì àwọn ti wọ yunifásítì, Táíwò ló kọ́kọ́ lọ wo bó ṣe rí, bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n tún fi ẹnu ara wọn sọ pé eré orí ìtàgé ni mo ń kọ́! Ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ há díákónì kan lọ́fun. Àwọn ènìyàn ń bọ Kẹ́hìndé lọ́wọ́, wọ́n ń kí i kú oríire, òun náà ń dáhùn pé “A dúpẹ́ o, ẹ ṣé” bí ọkọ ìyàwó. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Èsì ìdánwò ti jáde. Mo yege, máàkì aṣọ eré mi ló sì ga jù nínú kíláàsì wa. Ní ti àgbàdo, ẹ̀gà jẹ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, àgbàdo tó wà lẹ́bàá odò. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ san án: láràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ lé Kẹ́hìndé lọ sóko, mo ń gbé aṣọ àwòdì wọ̀, mo ń sáré káàkiri inú àgbàdo, igi ń sinmi. Ó ní igi mọṣẹ́ jù mí lọ, nítorí igi kì í sọ̀rọ̀. Ìyá wa ti tún èyí tó jó ṣe, ó ti pé méjì padà. Kẹ́hìndé kò tíì sọ fún wa bóyá yóò tún ṣe JAMB tàbí kò ní ṣe é mọ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní kí n jẹ́ kí àgbàdo kọ́kọ́ gbó. N kò bi í mọ́.

Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Bí ẹ ò bá taku pé méjì ni, ibo ni ǹ bá wà báyìí? Ìyá wa gan-an ti gbà, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò ní kùn mọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ ní kí àwọn rán aṣọ erin méjì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́, kí orúnkún yín gbé yín padà wá bá wa láìpẹ́. Kí ìkókó tó wà lọ́wọ́ yín dàgbà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà bá yín láyé.

Èmi ni ọmọ-ọmọ yín, ẹni tí wọ́n rán ṣáájú,

Táíwò Olúyínká Ògúnsanwó.

Àfikún: Màmá, èmi Kẹ́hìndé ni mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo ti ka gbogbo ohun tó kọ, òótọ́ ni, àfi ibi tó ní mo sunkún. Eruku ọ̀nà ló kó sí mi lójú. Ó ti sọ̀rọ̀ títí, kò sì sọ èyí tí ẹ pa láṣẹ fún wa gan-an. Abọ́ yín ti kúrò lórí ìṣó. Ó máa ń mú ẹran kí n tó bu òkèlè, nítorí náà, ẹ tètè máa bọ̀ wá dá ẹjọ́ wa. Abọ́ kan la fi ń jẹun, Màmá.